Ìgbà Tí Mi Ò Lè Pọn Ọmọ Mi

Lẹ́yìn tí mo bí àbíkẹ́yìn wa ní Houston, oríkèé ìbàdí mi yẹ̀. Tí mo bá dìde, ara mi á máa fì sápá ọ̀tún bí ẹni tó dúró nínú ọkọ̀ ojú omi. Mo lè rìn bí mo bá di ògiri mú. Ohun tí mi ò lè ṣe ni kí n bẹ̀rẹ̀, kí n gbé ọmọ sẹ́yìn, kí n sì fi ọwọ́ méjèèjì so ọ̀já.

Ọkọ mi, olóògbé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin báyìí, ló ń bá mi pọ̀n ọ́n nígbà náà. Wọ́n á ti ibi iṣẹ́ epo ní Pasadena, lẹ́bàá Houston, dé, wọ́n á wẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, èmi á ti orí àga gbé ọmọ lé wọn lẹ́yìn. Aládùúgbò wa kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, á fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Ìyá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ o."

Wọ́n á ní, "Ẹ ṣé. Ẹ̀bùn mi dà?"

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Èmi á wọ balùwẹ̀ lọ sunkún. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọmọ yìí ò ní mọ ẹ̀yìn mi.

Dókítà ní kí n lọ rí obìnrin òyìnbó kan tó ń fi ọwọ́ tọ́jú oríkèé. Mo mọ orúkọ ẹ̀ dòní. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí ara mi lè ṣe. Mo ní kí n pọn ọmọ. Kò yé e. Mo bá gbé ìrọ̀rí ẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti pọ̀n ọ́n, ni mo bá yẹ̀ gẹ̀rẹ̀. Ó gbá mi mú.

Ó ní, "Ó ti yé mi wàyí."

Ó ní kí n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tí egungun ìbàdí ti pàdé ọ̀pá ẹ̀yìn, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo dìde, mo fi ẹsẹ̀ kan dúró, mi ò fì. Mo rò pé ó tán nìyẹn. Ó ní rárá, pé ìrọ̀rùn tí ọwọ́ òun mú wá lè má pẹ́, àfi kí n máa ṣe eré ìdárayá kí iṣan lè dì í mú. Òótọ́ ni. Bí a ṣe gba ọ̀nà márosẹ̀ délé, tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ara mi tún ń fì.

Mo ń padà lọ, mo sì ń ṣe eré náà nílé. Díẹ̀díẹ̀, ìdúró mi ń pẹ́ sí i.

Lọ́jọ́ kan tí ọkọ mi dé, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ de ọmọ. Mo ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú."

Mo gbé e sẹ́yìn. Wọ́n dúró lẹ́yìn mi, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì, wọn ò fi kàn mí. Mo so ọ̀já, mo nàró.

Wọ́n ní, "Ṣé kò fì?"

"Kò fì."

"Dúró ná."

Ọmọ ké díẹ̀, ó ń wá ẹ̀yìn tó mọ̀, kó tó wá fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi lẹ́yìn.

Wọ́n ní, "O ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Ṣùgbọ́n wọn ò kúrò lẹ́yìn mi títí ọmọ fi sùn.