Àjà Pálọ̀ Tí Bàbá Mi Kùn

Bàbá mi tó ti dolóògbé ló fi ọwọ́ ara wọn kun àjà pálọ̀ ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀dà funfun tó nípọn, tó rí kókókókó. Nígbà tí òjò pọ̀ lọ́dún yìí, ọ̀rinrin wọ̀ ọ́, ọ̀dà náà wá ń já bọ́ sórí màámi níbi tí wọ́n ti ń kírun. Wọ́n ń wúkọ́ ṣáá. Síbẹ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ò lè sọ pé ká ha á kúrò, torí a rò pé yóò dùn wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, ègé kan já sínú tíì wọn. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ha á."

Wọ́n ní, "Ẹ ha á. N ò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Bàbá yín ló wù, n ò sì fẹ́ ba inú wọn jẹ́."

Ẹnu ya èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, la bá bú sẹ́rìn-ín. A fi omi rin àjà náà, a fi aṣọ bo imú, a sì ha á títí ó fi dán.

Màámi wòkè pẹ́. Wọ́n ní, "Ó mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí bàbá yín bá wà níbí, màá sọ fún wọn pé tiwọn ló dáa jù."