Kànga Ẹnjiníà Kánádà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Ọba tó mọ ohun tó wà nínú àyà, tó ń bo àṣírí ẹrú Rẹ̀ títí di ọjọ́ tí ìbòrí náà bá fẹ́ di ìpalára fún un. Òun ló mú mi lọ, Òun ló mú mi bọ̀. Ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn tí mo padà dé, mo dúpẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀ nínú ọkọ̀ láàárín Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́, ńṣe ni mo máa ń yíjú sí fèrèsé kí ẹni tó jókòó tì mí má baà rí mi.

Mo rántí ìgbà tí mò ń gbálẹ̀ ní pápá ìṣeré ńlá kan ní Kánádà. Bọ́ọ̀lù tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Ó gùn bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbá a mọ́ àyà tí wọ́n fi ń sá lọ. Bí eré bá parí tí òǹwòran bá tú ká, àwa la máa ń bọ́ sáàárín àwọn àga láti ṣa ife, ìgò àti bébà oúnjẹ. Nígbà òtútù, ṣọ́bìrì la fi ń kó yìnyín kúrò lórí ìjókòó kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò burú. Wọ́n ń san owó wa bó ṣe yẹ, mo sì ń rí àyè kírun. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé-kéú ni mí, ọmọ ládánì tó ń pe ìrun ní mọ́sálásí àdúgbò wa ní Ẹ̀pẹ́. Gbogbo àdúgbò ló péjọ ṣe àdúà fún mi kí n tó wọ bàálù. Ẹnu mi kò gbà á láti sọ fún wọn pé ìgbálẹ̀ ni mo lọ gbé.

Ọ̀nà tóóró kan wà lábẹ́ ibi ìjókòó náà, tí wọ́n gbé àwòrán ìtàn pápá náà kọ́ sára ògiri rẹ̀. Èmi ni mo ń nu gíláàsì wọn. Nínú èyí tó pẹ́ jù, koríko lásán ni pápá náà, pẹ̀lú pákó gbọọrọ tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn ọkùnrin oní-fìlà sì jókòó lé e, tí wọ́n ká ara wọn jọ nítorí òtútù. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti fi kọnkéré kọ́ ìjókòó sí apá kan ṣoṣo. Òkìtì erùpẹ̀ ni apá kejì, orí rẹ̀ ni àwọn tí kò lówó ń dúró sí. Ó ṣe, apá kejì náà dìde. Ó tún ṣe, wọ́n fa iná síbẹ̀. Òrùlé ló dé kẹ́yìn, kò sì bo gbogbo ènìyàn. Ọmọ àwọn tó jókòó lórí pákó ló jókòó lórí kọnkéré, ọmọọmọ wọn ló rí òrùlé. Nígbà tí èmi débẹ̀, wọ́n tún ń kọ́ ìjókòó tuntun sẹ́yìn ọ̀pá góòlù. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mo mọ ìtàn náà lórí bí ẹni mọ Fátíhà.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń pe bàbá mi lórí fóònù. Bó bá béèrè iṣẹ́, mo máa ń sọ pé a wà lẹ́nu pápá náà, pé wọ́n ti ń kọ́ apá tuntun. Kò sí irọ́ níbẹ̀, kò sì sí òótọ́ níbẹ̀. Bàbá mi á gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú mọ́sálásí, níbi tí àwọn àgbà máa ń jókòó sí lẹ́yìn ìrun Alásárì, á ní ọmọ òun wà lára àwọn tó ń kọ́ pápá ìṣeré fún àwọn òyìnbó. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé etí omi lọ́dọ̀ àwọn ìyá ẹlẹ́ja, ó ti di pé èmi nìkan ni mò ń kọ́ ọ.

Nígbà tó yá, ìwé ìgbélùú mi parí, wọn kò sì fún mi ní òmíràn. Mo padà sílé pẹ̀lú àpótí kan. Mo rò pé ìyẹn ni ìtìjú tó pọ̀ jù tí mo máa rí. N kò mọ̀ pé orúkọ ti ń dúró dè mí. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní àdúgbò wa ni wọ́n ń kí mi pé, “Ẹnjiníà wa, ẹ káàbọ̀.” Mo wo bàbá mi. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń gba ìkíni náà bí ẹni tó ń gba àlejò.

Pápá kan wà lẹ́yìn mọ́sálásí wa, lápá ọ̀sà. Àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù máa ń wá láti Ejinrin àti láti Ìkòròdú láti bá tiwa figagbága níbẹ̀. Kò sí ìjókòó kankan. Àwọn àgbà ń gbé bẹ́ǹṣì wá láti ilé, àwọn abiyamọ sì ń dúró lórí ẹsẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò ti dáwó jọ, wọ́n ti ra síméńtì, wọ́n sì ti tò ó sí yàrá ìkẹ́rùsí mọ́sálásí. Bíríkìlà àdúgbò ti múra láti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó dúró dè mí. Alága ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ní ẹni tó lọ́mọ ní Kánádà kì í fi bíríkìlà bẹ̀rẹ̀ ilé.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. N kò sọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, wọ́n kó mi lọ sí pápá. Lèmọ́mù ṣe àdúà, wọ́n fi igi èèkàn lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n tọ́ka sí ibi tí ìjókòó máa wà. Bàbá mi dúró pẹ̀lú fìlà funfun rẹ̀. Kò wo pápá náà rárá, èmi ló ń wò. Mo wá rántí àwòrán àkọ́kọ́ yẹn, pé ẹ̀yìn ni àwọn tó jókòó lórí pákó kọ sí oòrùn. Inú mi dùn pé mo rí nǹkan sọ. Mo rìn lọ sí apá ìsàlẹ̀ pápá náà, mo gún èèkàn mọ́lẹ̀, mo ní, “Ibí ni, kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ má baà máa bọ́ sí wa lójú.” Gbogbo wọn mi orí pé ó dára. Bíríkìlà la ẹnu, ó wo bàbá mi, ó sì pa ẹnu dé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló wọ̀ ọ́ lára.

Wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ náà jìn, nítorí mo ti ní kó jìn. Kí a tó da kọnkéré sí i ni òjò àkọ́rọ̀ dé. Òjò alẹ́ kan péré ni. Nígbà tó di àárọ̀, ìpìlẹ̀ kún dé ẹnu, nígbà tó sì di ọ̀sán, àwọn pẹ́pẹ́yẹ ti ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi gbẹ́ ilé fún omi. Ìyá kan tó ń yan ẹja ní etí ọ̀sà gbé korobá wá, ó kúnlẹ̀ kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, “Ẹnjiníà Kánádà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tá a ti ń wá ẹni tó máa gbẹ́ kànga fún wa.” Ó pọn omi rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀rín tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ẹ̀rín kọ́ ló pa mí lára jù. Alága ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ bínú sí bíríkìlà, ó bi í léèrè pé ṣé kò mọ̀ pé omi ń dúró síbẹ̀ ni. Bíríkìlà ní, “Ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa? A rò pé ọgbọ́n Kánádà ló wà ńbẹ̀ ni.” Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, bó ṣe rí lọ́kàn rẹ̀ gan-an ló sọ. Alága wá yíjú sí mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí la máa ṣe báyìí? Ṣé ká da síméńtì sí i bẹ́ẹ̀?” Ìgbà náà ni ó yé mi. Bí mo bá ní kí wọ́n dà á, wọ́n á dà á. Gbogbo síméńtì tí wọ́n fi òógùn rà yóò wọ inú omi, bí ìjókòó náà bá sì dúró, ọmọ ọlọ́mọ ni yóò gun orí rẹ̀ lọ jókòó. Mo ní kí wọ́n fún mi di ọjọ́ Jímọ̀.

Nígbà tí mo délé, bàbá mi wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fọ aṣọ funfun tó máa wọ̀ lọ kírun Jímọ̀. Kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun fọ̀ ọ́. Mo kúnlẹ̀ tì í.

Mo ní, “Bàbá mi, mi ò kọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ilẹ̀ ni mò ń gbá.”

Kò yíjú. Ó ń bá a lọ láti fún aṣọ rẹ̀. “Pápá yẹn?”

“Pápá yẹn, bàbá mi. Mò ń gbá a, mo sì ń nu ògiri rẹ̀.”

Ó gbọn aṣọ náà. “Ṣé ó máa ń mọ́?”

“Ó máa ń mọ́ dáadáa, bàbá mi.”

Ó sá aṣọ náà sórí okùn, ó tẹ́ etí rẹ̀ kó má baà hunjọ, ó sì wọlé. Mo rò pé ó bínú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí a ti sálámà parí ìrun, tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ sínú ara mi, mo rí i tó dìde nínú aṣọ funfun náà, tó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó fi ń pe ìrun. Ohùn bàbá mi kì í ṣe ohùn tó ń fara pamọ́. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi ló ń fi í mọ àkókò. Ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ mi kì í ṣe ẹnjiníà. Agbálẹ̀ ni. Ó ní òun wà lẹ́nu pápá, èmi ni mo gbé ẹ̀wù ẹnjiníà wọ̀ ọ́, torí ó wù mí kí ẹ máa kí mi. Ẹ forí jì mí. Ẹ jẹ́ kí bíríkìlà ṣe iṣẹ́ rẹ̀.”

Mo forí kanlẹ̀ bí ẹni tó ṣì ń kírun. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tèmi láti sọ, arúgbó ló bá mi sọ ọ́, tó sì mú ìpín tèmi mọ́ tirẹ̀. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹ̀sín ni bàbá mi fọ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ dè, kí n má baà dá nìkan wọ̀ ọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láti ìlà iwájú, ó ní, “Ládánì, ìrun lo máa ń pè wá sí, òní lo pe ẹjọ́ ara rẹ.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, bàbá mi náà sì rẹ́rìn-ín.

Lèmọ́mù wá bi mí léèrè ohun tí mo mọ̀ nípa pápá àwọn òyìnbó yẹn gan-an. Mo dìde, mo sọ ìtàn àwọn àwòrán náà, láti orí pákó dé orí òrùlé. Bíríkìlà ní ṣé pákó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ló dé tí àwa náà ń dúró de odindi. Kí oṣù náà tó parí, ó ti to búlọ́ọ̀kù sí apá òkè, ó tẹ́ pákó lé e, àwọn abiyamọ sì jókòó.

Báyìí, apá kan ti di kọnkéré. Kò tíì ní òrùlé. Omi inú ìpìlẹ̀ mi ni wọ́n fi po síméńtì rẹ̀, Kànga Ẹnjiníà Kánádà ni wọ́n sì ń pe ibẹ̀ títí di òní. Bàbá mi jókòó lórí kọnkéré náà fún ìwọ̀nba ìgbà kí Olúwa tó pè é. Ìkòròdú ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ní ilé iṣẹ́ kan, ṣùgbọ́n bí eré bá wà ní Sátidé, mo máa ń lọ sílé. Bí gbogbo ènìyàn bá ti lọ, mo máa ń mú ìgbálẹ̀, mo máa ń gbá ìjókòó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú ìgbálẹ̀ kò tì mí mọ́. Aṣọ funfun tó ń kán omi tótó lórí okùn ni ojú rẹ̀ ṣì ń tì mí. Bí mo bá gbá ibi tí bàbá mi máa ń jókòó sí tán, mo máa ń dúró wò ó bóyá ó mọ́.

Ìwọ tó ka èyí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹlòmíràn ru ẹ̀sín rẹ. Kó fún ọ ní ẹnu láti sọ òótọ́ nígbà tí ilẹ̀ ṣì gbẹ, kó sì jẹ́ kí ibi tí o bá fi ọwọ́ rẹ gbá máa mọ́. Àmín.