Táǹkì Kan, Ọ̀sẹ̀ Kan

Rọra ni wọ́n ń pè é. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́. Ó ń wa mọ́tò jẹ́jẹ́ ju ẹni tó ru ẹyin lọ. Bí adìyẹ bá ń sọdá títì, Rọra á dúró. Adìyẹ á sọdá, á tún padà wá mú ọmọ tó gbàgbé sẹ́yìn. Àwọn tó wà lẹ́yìn á máa fun fèrè, òun á ní, "Ẹ rọra. Kò síbi tí ayé ń lọ." Ó dá a lójú pé mọ́tò ẹni tó bá ń rọra kì í jẹ epo. Kò sẹ́ni tó bi í rí pé ta ló sọ fún un.

Orí àgbà ló fi kọ́ mọ́tò. Ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan ló ti ń ṣọ́ títí wọ́n fi ní ó tó, kó máa lọ sílé. Owó tí wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó ra mọ́tò, ìyàwó rẹ̀ ló bá a fi kún un. Aránṣọ ni obìnrin náà. Máṣíìnì oníná ló ń tu owó jọ fún. Ó gbé owó náà lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó wá fi òfin kan lé e.

"Bàbá àwọn ọmọ, máṣíìnì mi lẹ fẹ́ máa wà kiri yìí. N ò ní kẹ́ ẹ má wà á. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ máa jẹ wá. Táǹkì kan, ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ tí táǹkì kan ò bá gbé yín dé Fúráìdè mọ́, a ó tà á, n ó ra máṣíìnì mi."

Rọra ní kò burú.

Mọ́tò náà kéré. Tíṣà mẹ́rin ló ń gbé, àwọn tó ń kọ́ni nílé-ìwé tó wà lẹ́yìn òkè. Á gbé wọn lọ láàárọ̀, á lọ gbé wọn bọ̀ lọ́sàn-án. Ní Fúráìdè, abẹ́rẹ́ géèjì á ti sùn sílẹ̀ gbalaja, ṣùgbọ́n á délé. Ó ń tiraka ni, ó kàn ń délé náà ni.

Ìgbà tó yá, táyà pá. Ó pá bí orí àgbà. Fọkanáísà tó wà ní ìkóríta lẹ ẹ́ títí, ó wá lẹ ibi tó ti lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó gbé ọwọ́ sókè.

"Bàbá, ohun tí mò ń lẹ̀ báyìí kì í ṣe táyà mọ́. Àlẹ̀mọ́ ni."

Ìyàwó rẹ̀ ò sọ púpọ̀. Ó ní, "Irú èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Nọ́ńbà ẹ̀ wà lára òpó ilẹ̀kùn ibi tí ẹ ń jókòó. Ìka tó bá tọ́ sí imú la fi ń re imú."

Rọra lọ sí ṣọ́ọ̀bù táyà. Ó mú nọ́ńbà náà sórí, ó ń kà á lẹ́nu lọ. Onítáyà jáde wá pàdé rẹ̀, ó wo mọ́tò, ó mi orí bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀.

"Bàbá, tiyín nìyí? Ẹsẹ̀ ẹ̀ mà tín-ín-rín o! Ẹsẹ̀ lékeléke."

"Bó ṣe wà nìyẹn nígbà tí a rà á."

"Ẹ̀yin àgbàlagbà báyìí! Ẹ jẹ́ kó dúró bí ọkùnrin. Ẹ wo eléyìí." Ó yí táyà fífẹ̀ kan jáde, dúdú, tó ń dán, tó ń rùn bíi bàtà tuntun. "Eléyìí máa ń gbá ilẹ̀ mú. Tó bá ti gbá ilẹ̀ mú, kò ní yọ̀. Tí kò bá yọ̀, ibo ló ti fẹ́ jẹ epo?"

Rọra jẹ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, kò bá egungun kankan níbẹ̀. Ohun tó ń dán ni. Ohun tó bá ń dán, ó yẹ kéèyàn yí i wo abẹ́. Kò yí i. Ó ti ń wo bí mọ́tò náà yóò ṣe dúró bí ọkùnrin.

Ó dúró bí ọkùnrin lóòótọ́. Ó sì ń mu bí ọkùnrin. Ọ̀sẹ̀ kìíní, iná pupa tó ń sọ pé epo ti ń tán tàn ní Tọ́sìdè. Rọra ra epo díẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, ó dà á sí i lẹ́yìn ilé-ìwé níbi tójú ò tó. Kò sọ nílé. Ọ̀sẹ̀ kejì, Tọ́sìdè náà ni.

Ló bá tọ àbúrò ìyàwó rẹ̀ lọ. Èèyàn tó ń ta ohun ẹ̀ṣọ́ mọ́tò ni, inú àpótí onígíláàsì kan ló ń pàtẹ ọjà sí. Ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dé ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti wá tipẹ́. Ẹ wo òòfà yìí. Ẹ máa dè é mọ́ ara rọ́bà tí epo ń gbà kọjá. Gbogbo epo tó bá ń kọjá, ó máa tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ."

"Epo ni wọ́n ń tò lẹ́sẹẹsẹ?"

"Bí ọmọ ilé-ìwé ní orí ìlà. Èyí tó bá tò, kì í ṣòfò."

Rọra dè é mọ́ ọn. Tọ́sìdè, iná pupa. Ó padà lọ. Àna fún un ní nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá, iná búlúù á máa ṣẹ́jú lára rẹ̀. Ó ní èyí ń bá òòfà ṣiṣẹ́, pé òòfà nìkan ò lè dá a ṣe, pé òun rò pé ẹ̀gbọ́n mọ̀. Tọ́sìdè, iná pupa, òun àti iná búlúù wá ń ṣẹ́jú síra wọn. Ó tún lọ. Àna fún un ní hóró oògùn tí wọ́n ń jù sínú táǹkì. Wẹ́sìdè ni epo tán lọ́sẹ̀ yẹn.

Ẹni a ní kó kín wa lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò lọ́jọ́ kan láti gbé aṣọ oníbàárà síbẹ̀. Ó rí iná búlúù. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú, ó rí òòfà.

"Bàbá àwọn ọmọ, mọ́tò yìí ti wọ ẹ̀gbà ọwọ́, ó ti wọ ẹ̀gbà ọrùn. Ṣé yẹtí ló kù?"

"Àbúrò rẹ ló ní kí n ṣe é."

"Àbúrò mi tó ń fẹsẹ̀ rìn?"

 Ó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Rọra bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ìwọ̀n wo àwọn tíṣà. Ọ̀gá tíṣà ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bà lé, obìnrin títóbi kan tó ń jókòó níwájú, tó máa ń gbé àpò lé ẹsẹ̀.

"Ọ̀gá tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú àpò yín yìí?"

"Ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ."

"Ṣé ẹ ò lè máa ṣe é tán níbẹ̀? Ó ń wúwo fún mọ́tò."

"Kò burú. Ẹ̀yin náà, ẹ fi ikùn yín sílé lọ́la, ká wo èwo ló wúwo jù."

Àwọn mẹ́ta tó wà lẹ́yìn fi ẹ̀rín bú títí dé ìdí òkè. Rọra ò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mú sitiárì, ó ń wo géèjì.

Ibi òkè yẹn gan-an ni epo ti tán ní Tọ́sìdè. Àárọ̀ ni, aago ilé-ìwé ti fẹ́ lù. Mọ́tò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Kò sí kẹ́ẹ̀gì. Tíṣà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ́ sílẹ̀, wọ́n fi èjìká sí i. Rọra jókòó sídìí sitiárì ó ń ní, "Ẹ rọra, ẹ rọra."

"Bàbá, tí a bá tún rọra ju báyìí lọ, ẹ̀yìn la ń lọ!"

Nǹkan kan ya ṣàà. Síkẹ́ẹ̀tì ọ̀gá tíṣà ni, láti ìdí dé orúnkún.

Rọra ti pinnu pé òun ò ní sọ nílé. Ṣùgbọ́n ta ló ń rán síkẹ́ẹ̀tì ládùúgbò? Ọ̀sán ọjọ́ náà, bí ó ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀, ọ̀gá tíṣà ló bá níbẹ̀, ó lọ́ aṣọ kan mọ́dìí, síkẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì.

"Kí ló ya á báyìí?" ni ìyàwó ń bi í.

"Mọ́tò ọkọ yín ni. Àwa la gbé e gun òkè."

Ẹsẹ̀ aránṣọ dúró lórí máṣíìnì. Ó wo ọkọ rẹ̀. Kò pariwo. Ì bá pariwo, ara ìbá tu Rọra. Ó rán síkẹ́ẹ̀tì náà tán, kò gbowó rẹ̀. Lẹ́yìn tí obìnrin náà lọ, ó ní, "Ẹnì kan ń bọ̀ wá wo mọ́tò."

Rọra bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin tí kì í bẹ èèyàn, ó bẹ̀bẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré. Ìyàwó ní kó ṣí gbogbo ẹ̀gbà kúrò lára mọ́tò, kó ra táyà tó tọ́, òun á fún un ní ọ̀sẹ̀ náà.

Onítáyà ò mọ̀ ọ́n mọ́. "Bàbá, táyà tó bá ti tẹlẹ̀, àlòkù ni o." Ó gba àwọn fífẹ̀ náà ní ọ̀pọ̀, ó gbé àwọn tín-ín-rín fún un, ó tún ní, "Eléyìí gan-an ló bá mọ́tò yín mu. Kì í jẹ epo." Rọra wò ó ṣùn-ùn. Ó lè lù ú. Kò lù ú.

Fọkanáísà ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, Rọra dúró tì í.

"Má fẹ́ ẹ kó le jù. Oòrùn á bẹ́ ẹ."

"Bàbá, èyí tí ò yó ló ń bẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa ń ní kí n fi ebi pa wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n fún un ní iye tó wà lára ilẹ̀kùn." Ó fún un.

Mọ́ńdè, ó rọ epo kún táǹkì. Túsìdè dáa. Wẹ́sìdè dáa. Tọ́sìdè, iná pupa ò tàn, Rọra súfèé wọlé. Àárọ̀ Fúráìdè, bí wọ́n ṣe gun òkè tán, ó tàn. Bó ti ń bọ̀ lọ́sàn-án, epo tán ní ìkóríta, níwájú fọkanáísà gan-an, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ sì wà ní òdìkejì títì. Ó ku díẹ̀. Ó ku díẹ̀ náà ló ń dun èèyàn.

Rọra bọ́ sílẹ̀, ó ta táyà nípàá. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló gbọ́ ọ. Ó bú onítáyà. Ó bú àna rẹ̀. Ó bú ilé epo, ó bú òkè, ó bú ẹni tó kọ́ ilé-ìwé sẹ́yìn òkè. Ó wá ku ẹnì kan ṣoṣo tí kò tíì bú.

Ní Sátidé, ìyàwó rẹ̀ ra epo sí i, ó ní àwọn máa gbé mọ́tò lọ bá ẹni tó fẹ́ rà á. Ó na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́.

"Ìwọ?" ni Rọra wí.

"Ta ni bàbá mi? Ṣé kì í ṣe awakọ̀ lọ́rì pákó ni? Ìdí sitiárì ni mo dàgbà sí. Ọjọ́ tí a ra mọ́tò yìí lẹ ti ní ọwọ́ kan ni mọ́tò ń mọ̀. Mo dákẹ́. Ẹ jẹ́ kó mọ ọwọ́ kejì lónìí kó tó lọ."

Rọra jókòó sí ààyè ọ̀gá tíṣà. Ìyàwó tan mọ́tò. Ó wọ jíà kìíní, ó wọ ìkejì. Wọn ò tíì dé ìkóríta, ó ti wọ ìkẹta. Títì gbọọrọ là, ó wọ ìkẹrin.

"Rọra! Rọra!" Ọkùnrin náà ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́tò níbi tí kò sí bíréèkì.

"Mo ń rọra. Ẹ wo géèjì ìsáré. Ibi tí ẹ̀yin náà máa ń rìn dé nìyẹn. Ẹ wá tẹ́tí. Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́?"

Ó dákẹ́ lóòótọ́. Rọra ò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí nínú mọ́tò rẹ̀.

"Jíà mélòó lẹ máa ń lò?"

"Méjì. Tí títì bá dáa, mo lè wọ ìkẹta. Ìkẹrin, tàwọn tó ń sá ni."

Ìyàwó rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó pa mọ́tò. Ó kọjú sí i.

"Bàbá àwọn ọmọ. Láti ọjọ́ tí a ti ra mọ́tò yìí, jíà kejì lẹ fi ń gba títì gbọọrọ yìí lọ?"

"Ṣé mo ń sáré ni?"

Obìnrin náà fi orí lé sitiárì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Rọra ń wo ìta. Ó ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ níbẹ̀.

"Bàbá mi máa ń sọ pé ẹ́ńjìnnì tó bá ń ké, epo ló ń gbé mì. Odindi mọ́tò ń ké lójoojúmọ́, ẹ lọ ń ra ẹ̀gbà fún un."

Wọn ò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ rà á mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, aránṣọ ló gbé àwọn tíṣà. Rọra dúró ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń lọ aṣọ, ó ń sọ fún oníbàárà pé ìyàwó òun ń bọ̀. Fúráìdè, ìyàwó wọlé, ó ní kó wá wo géèjì fúnra rẹ̀. Ó wò ó. Epo ṣì wà níbẹ̀ dáadáa.

Ó fi kọ́kọ́rọ́ síwájú rẹ̀ lórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ. "Ẹ gbà. Bí ẹ bá ti lè wọ ìkẹrin, mọ́tò yín ni."

Rọra gbà á. Ó jáde lọ ní òun nìkan. Ó wọ ìkíní, ó wọ ìkejì, ó wọ ìkẹta, òógùn bò ó. Ó gbé ọwọ́ lé jíà fún ìkẹrin. Adìyẹ kan yọ lẹ́bàá títì, kò tilẹ̀ tíì pinnu pé òun máa sọdá. Rọra padà sí ìkejì. Mọ́tò ké.

Ó yí padà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé kọ́kọ́rọ́ síbi tó ti mú un.  

Wọn ò ta mọ́tò. Awakọ̀ ni wọ́n pààrọ̀. Máṣíìnì oníná ò tíì dé, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ti tún ń jọ díẹ̀díẹ̀. Tí obìnrin náà bá ń jáde láàárọ̀, Rọra á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á dẹ etí sí i títí yóò fi kọjá ìkóríta. Ìkíní. Ìkejì. Ìkẹta. Ìkẹrin. Á pòṣé, á padà sídìí áyọ́ọ̀nù.