Ọdẹ́wálé Méjì

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí fóònù dún nìyí láàárín ogún ìṣẹ́jú. Gbémi ti mọ ohun tí Bàbá Ọdẹ́wálé fẹ́ sọ kí wọ́n tó lanu.

"Ọmọ mi, wọ́n tún lé mi."

Ènìyàn kọ́ ló ń lé Bàbá, ẹ̀rọ ni. Kọ̀ǹpútà méje ni wọ́n so pọ̀ nínú yàrá kan l'Ẹdẹ, tí wọ́n jọ ń ya káàtúùnù àwọn ọmọdé. Oko ni àwọn tó mọṣẹ́ ń pe irú àkójọ bẹ́ẹ̀, bàbá tó bí Gbémi, tó ń gbin ẹ̀gẹ́ lọ́nà Sẹ̀kọ̀nà, sì ti béèrè títí ohun tí wọ́n gbìn síbẹ̀. Gbémi ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà oko yìí: òun ló ń pinnu ẹni tó lè wọlé àti ohun tó lè fọwọ́ kàn. Orí fóònù ló ti kọ́ ọ fúnra rẹ̀.

Bàbá, olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìntì, ló ń kọ ìtàn wọn. Ohun méjì ni wọ́n sọ nígbà tí Gbémi ń ṣí àyè fún wọn: kó fi gbogbo àmì sórí orúkọ wọn, kí ẹ̀rọ má sì ya iṣẹ́ kankan lákọ̀tán àfi tí àwọn bá fọwọ́ sí i. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀. Kódà, Gbémi alára kò lè tẹ bọ́tìnnì ìfọwọ́sí yẹn láti inú àyè tirẹ̀.

Lónìí, Bàbá wà nílé àna wọn ní Awo, fóònù ni wọ́n sì fẹ́ fi wọlé fúngbà àkọ́kọ́. Aago mẹ́rin ni fíìmù oníṣẹ́jú márùn-ún wọn gbọ́dọ̀ dé ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ oṣù mẹ́fà wọgbó. Wákàtí méjì ni ẹ̀rọ máa fi yà á, aago kan ààbọ̀ sì ti lù.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Gbémi ti yí ọ̀rọ̀ ìwọlé Bàbá padà. Tó bá fi orúkọ Bàbá dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí gbayawu. Bọ́tìnnì náà wà níwájú rẹ̀, ìka rẹ̀ ń yún un. Ó bi Bàbá bóyá kí òun kúkú tẹ̀ ẹ́.

"Mi ò tíì rí i," ni Bàbá fèsì. "Ohun tójú mi ò rí, ọwọ́ mi ò sí ńbẹ̀. Àbí ìwọ kọ́ lo kọ ọ́ sára ògiri pé kí ẹnikẹ́ni má forúkọ ẹlòmíì wọlé?"

Òun ni. Àwọ̀ pupa ló tún fi kọ ọ́. Ó pòṣé, ó jáde kúrò nínú àyè Bàbá.

Ó ní kí Bàbá fi orúkọ tí wọ́n ń tẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ọdẹ́wálé, Ọdẹ́wálé. Ojú kò rí ìyàtọ̀. Ló bá ní kí ẹ̀rọ ka lẹ́tà inú wọn. Iye méjèèjì kò dọ́gba. Àṣé fóònù Bàbá ń kọ lẹ́tà a ná, kó tó gbé àmì rù ú. Kọ̀ǹpútà Gbémi ń kọ méjèèjì pọ̀ bíi lẹ́tà kan ṣoṣo. Lójú ẹ̀rọ, Ọdẹ́wálé méjì ni wọ́n, ọ̀kan ò mọ èkejì rí.

Ó ṣàlàyé. Ó ní òun máa ṣí àyè mìíràn tí kò ní àmì rárá: odewale.

Bàbá kà á sókè. "Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe máa kà á? Òdè wálé. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bá ọmọ ọlọ́mọ jà nítorí irú ẹ̀."

"Mo mọ̀, sà. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí aago méjì lù."

"Ó dáa. Jẹ́ kí òdè wọlé."

Òdè wọlé. Bàbá wo fíìmù tí wọn kò tíì yà lákọ̀tán náà látòkèdélẹ̀, Gbémi ń họ orí. Nígbà tó yá, Bàbá tẹ bọ́tìnnì, fáànù kọ̀ǹpútà méjèèje sì hó lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó wá fẹ́ pa àyè àtijọ́ rẹ́, kó má baà tún dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ̀rọ bi í bóyá lóòótọ́ ló fẹ́ pa Ọdẹ́wálé rẹ́. Ó ka ìbéèrè náà fún Bàbá lórí fóònù.

"Má pa mí rẹ́ o," ni Bàbá wí. "Tìlẹ̀kùn mọ́ mi, kí o fi mí sílẹ̀ síbẹ̀."

Gbémi fi wọ́n síbẹ̀, tàmìtàmì.