Gìtá Tí Kò Lórí àti Kọ́kọ́rọ́ Ọrùn Fùrẹ̀ Sírílù

Ẹ fún mi láyè díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n sọ ohun tí ojú mi rí, nítorí láti ọjọ́ Sátidé ni nǹkan ọ̀hún ti há mi lọ́fun. Ó ń rí mi lára! Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ṣe ni mò ń tutọ́ bí ẹni tó mu omi tí wọ́n fi fọ ẹja.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé aṣọ ni mò ń rán ní Pobè, gìtá ni mò ń ta sí orin ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ mí, Ìyá Pọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè mí. Ìjọ aláṣọ funfun ni tiwa. Lónìí wọ́n lè ní ká wá kọrin ní Yoko, lọ́la ó di Ahoyéyé, lọ́tùn-únla ó di Sakété. Kí ló sì ń gbé mi lọ? Sẹ́mì ni, ìyẹn ọ̀kadà tiwa níbí.

Gìtá mi àtijọ́ gùn bí àkàbà. Tí mo bá gbé e kọ́ ẹ̀yìn lórí sẹ́mì, orí rẹ̀ á máa gbá kásìkì, akoto tí mo dé, kó, kó, kó, láti Pobè títí dé Sakété. Ìgbà kan wà tí mo ní kí n tiẹ̀ wọ mọ́tò, awakọ̀ ní kí n gbé gìtá sẹ́yìn, ni ewúrẹ́ ẹnì kan bá tọ̀ sí i lára. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Odindi oṣù kan ni mo fi ń fi ọṣẹ nù ún, tí àwọn akọrin ẹlẹgbẹ́ mi ń rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Níkẹyìn, ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá létí wa, ó gbá gìtá náà lórí, ọrùn rẹ̀ kán. Mo gbé òkú rẹ̀ délé.

Ìgbà yẹn ni mo ní ó tó gẹ́ẹ́. Gìtá kékeré tó ṣe é gbé rìnrìn àjò ni mo máa rà.

Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin ní Sakété, ọmọ ìjọ wa ni. Fùrẹ̀ Sírílù là ń pè é. Fùrẹ̀ là ń pe àwọn arákùnrin nínú ìjọ. Ọmọkùnrin tó mọ́ tónítóní, ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Màmá, ẹ káàbọ̀! Màmá, ẹ jókòó! Ó kó gìtá mẹ́ta síwájú mi. Àkọ́kọ́ gùn bíi ti àtijọ́, mo ní kó gbé e kúrò níwájú mi. Ìkejì, ohun ìṣeré ọmọdé ni, ó ń dún bí ẹ̀fọn. Ìkẹta ló wá fà yọ nínú báàgì kékeré kan: gìtá oníná tí kò lórí rárá!

Mo pariwo. Mo ní ta ló gé e? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Àwọn èèkàn tí à ń lọ́ láti fi fa okùn le, èyí tó máa ń wà lórí gìtá, ìdí ni wọ́n kó tirẹ̀ sí. Lókè, níbi tí orí ì bá wà, irin pẹlẹbẹ kan ló di okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mú, pẹ̀lú àwọn síkúrù kéékèèké lára rẹ̀.

Ṣé ẹ rò pé mo kàn rà á bẹ́ẹ̀? Èmi kẹ̀! Mo gbé e wò bóyá ó wúwo. Kò wúwo. Mo gbé e kọ́ ẹ̀yìn, mo lọ gun sẹ́mì kan tí wọ́n gbé síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo dé kásìkì, mo yí ọrùn sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Kò kàn mí níbì kankan! Àwọn tó ń kọjá ń wò mí bí ẹni wò wèrè. Mo ní kó so ó mọ́ báfù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Kùráǹ iná ti lọ. Mo jókòó tì í títí kùráǹ fi dé, mo wá ta okùn rẹ̀. Ó dùn, ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn dénú egungun.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni n kò bi í: bí okùn bá já, kí ni màá fi tú àwọn síkúrù yẹn? Ó wá sí mi lẹ́nu o, mo gbé e mì. Kí ló dé? Ọmọ ìjọ ni! Lọ́dọ̀ wa, tó o bá ń da ìbéèrè bo ọmọ ìjọ lórí ọjà rẹ̀, wọ́n á ní o ò gbà á gbọ́. Ojú tì mí. Mo dúpẹ́, mo gbé gìtá, mo lọ sílé.

Oṣù kò tíì parí tí okùn kan fi já. Mo wá okùn tuntun, mo jókòó láti pààrọ̀ rẹ̀, síkúrù kò gbọ́. Ọ̀bẹ kò wọ̀ ọ́, sísọ́ọ̀sì kò tú u. Ihò inú rẹ̀ kéré, ó sì ní igun mẹ́fà. Mo gbé e tọ Fùrẹ̀ Sírílù lọ. Ó gbé gìtá wọ ẹ̀yìn rídò, aṣọ tó fi dábùú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò pẹ́ tó jáde, okùn ti wà níbẹ̀.

Mo ní kó jẹ́ kí n rí ohun tó fi tú u. Ó ní háà, Màmá, kọ́kọ́rọ́ pàtàkì ni, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí òun, ẹyọ kan péré ló sì wà láti Sakété títí dé Pobè. Ó fà á yọ lọ́rùn ẹ̀wù, ó fi hàn mí lókèèrè. Ṣé ẹ mọ ibi tó so ó mọ́? Okùn ọrùn kan náà tó fi so àgbélébùú!

Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó kàn ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, kí n jọ̀ọ́ wá bá ẹgbẹ́ akọrin òun ta gìtá sórin níbi ìpàdé kan. Mo lọ. Okùn míì já, ó ní kí n bá òun dé ibi ìgbéyàwó kan. Mo lọ. Ìgbà kẹta, ó ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ kí n tó dé! Ẹ ẹ̀ rí i pé mo ti di ìwọ̀fà láìmọ̀? Síbẹ̀, mò ń kí i, mò ń dúpẹ́, mò ń ní kí Ọlọ́run bù kún un. Ṣíọ̀!

Ó wá kan ti bàbá mi.

Aguidi ni bàbá mi ń gbé. Òun ló kọ́ mi ní gìtá nígbà tí mo wà ní kékeré, tí àwọn àbúrò rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ni yóò fẹ́ ọmọbìnrin tó ń gbé gìtá kiri. Orin kan wà tí bàbá fúnra rẹ̀ kọ fún ìyá mi, kó tó di pé ìyá mi kú. Ọwọ́ bàbá ti gan báyìí, kò lè ta á mọ́. Èmi nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Sátidé tó kọjá yìí ni ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún rẹ̀, ó sì ti ránṣẹ́ sí mi tipẹ́ pé òun ò fẹ́ aṣọ, òun ò fẹ́ bàtà. Kí n wá ta orin yẹn lójú àwọn tó ní òun ń fi àkókò òun ṣòfò. Òun fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí òun tó lọ bá ẹni tó ni orin.

Àárọ̀ Sátidé, mo ń fa okùn le, mo gbọ́ páú! Okùn tó tín-ín-rín jù lọ ti já. Òun gan-an ni orin bàbá dúró lé. Tí kò bá sí i, kò sí orin. Okùn tuntun sì wà nínú àpò mi o! Síkúrù lásán-làsàn ni kò ṣe é tú.

Mo pe Ràímì, oní-sẹ́mì tó máa ń gbé mi. Mo ní kó sáré gbé mi dé Sakété, ká tó máa lọ sí Aguidi.

A bá Fùrẹ̀ Sírílù níbi tó ti ń di báfù. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, mo sọ ti bàbá, mo sọ ti orin. Ó sorí kodò, ó ń mi orí bí ẹni tó ń bá mi kẹ́dùn. Ó ní ó yé òun. Àmọ́ òun náà ní òde ní Yoko, onígìtá òun kò sì wá. Kí n bá òun lọ. Tá a bá dé Yoko, òun á fi okùn sí i. Tá a bá parí ní ìrọ̀lẹ́, kí n máa lọ sọ́dọ̀ bàbá.

Ìrọ̀lẹ́ kẹ̀? Nígbà tí wọ́n bá ti fọ abọ́ tán? Mo ní kó yá mi ní kọ́kọ́rọ́, kó gba fóònù mi dání. Ó ní kọ́kọ́rọ́ kì í kúrò lọ́rùn òun.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kúnlẹ̀. Èmi, abiyamọ, mo kúnlẹ̀ nínú eruku fún ọmọ tó fi díẹ̀ dàgbà ju Pọ́ọ̀lù mi lọ.

Ó sáré dì mí mú. "Háà, Màmá! Ẹ dìde, ẹ jọ̀wọ́! Ẹ má kúnlẹ̀ fún mi, ọmọ yín ni mo jẹ́!" Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé mi dìde, kọ́kọ́rọ́ ń mì dirodiro níwájú mi. Ó gbọn eruku kúrò lára aṣọ mi. Ó wá tún sọ pé Yoko ni.

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Tèmi kò yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Ohun tó kó mi nírìíra jù kì í ṣe pé ó kọ̀. Ẹnu tó fi ń pè mí ní Màmá ló fi ń kọ̀ fún mi! Ara mi náà wá ń rí mi lára. Kí ni mo kúnlẹ̀ fún? Mo gun ẹ̀yìn Ràímì, mo ní ká máa lọ. Inú kásìkì ni mo ti ń sunkún.

A ò tíì rìn jìnnà lọ́nà Aguidi tí Ràímì fi dúró. Ó ní Màmá, òun ń gbọ́ yín láti ẹ̀yìn, ẹkún kí ni? Mo sọ fún un. Ó ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, kí n jẹ́ kí òun rí ihò ọ̀hún. Mo fi hàn án. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wojú mi, ó tún wò ó.

Ló bá ṣí abẹ́ ìjókòó sẹ́mì rẹ̀. Ó fa òrùka irin kan yọ, àwọn kọ́kọ́rọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ lórí wà lára rẹ̀, láti ńlá dé kékeré. Àkọ́kọ́ tóbi jù. Ìkejì tóbi. Ìkẹta wọlé wẹ́rẹ́, síkúrù sì yí.

"Ṣé èyí lẹ ń torí ẹ̀ sunkún, Màmá? Ohun tí mo fi ń dè bíréèkì mi mà nìyí!"

Ó ní kò sí kọ́kọ́rọ́ òyìnbó kankan níbẹ̀. Inú ọjà Pobè, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ṣéènì ọ̀kadà, wọ́n kó o kalẹ̀ lórí àpò bí ẹni pàtẹ ata. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gun ẹ̀yìn Ràímì lọ bá Fùrẹ̀ Sírílù, kọ́kọ́rọ́ ti wà lábẹ́ ìdí mi!

Ṣé mo rẹ́rìn-ín? Rárá o. Mo sọ̀kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo tutọ́. Nígbà tí mo tutọ́ tán ni mo tó fi okùn sí gìtá.

A bá wọn ní Aguidi, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà tán ni. Bàbá jókòó láàárín, àwọn àbúrò rẹ̀ yí i ká. Mo ta orin náà. Bàbá di ojú, ìka rẹ̀ tó ti gan sì ń wá okùn lórí orúnkún rẹ̀. Nígbà tó kan ibi tí orin ti dárúkọ ìyá mi, òun náà pè é pẹ̀lú mi. Bàbá mi kékeré, ẹni tó ní n kò ní rí ọkọ fẹ́, òun ló kọ́kọ́ fi aṣọ nu ojú.

Bàbá ní kí n gbé gìtá náà wá. Ó fọwọ́ pa á láti ìdí dé òkè, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní orí rẹ̀ ńkọ́? Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, ìyá mi á ti gbọ́ ọ.

Ìrẹsì la ń jẹ nígbà tí Fùrẹ̀ Sírílù yọ. Yoko kò lọ bó ṣe fẹ́, ó wá kí bàbá. Ó rí gìtá lẹ́sẹ̀ mi, okùn rẹ̀ pé mẹ́fà. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ o! "Màmá, Ọlọ́run ṣe é! Mo ń gbàdúrà fún yín láti àárọ̀!"

Mo gbé abọ́ mi sílẹ̀. Ràímì tó jókòó síwájú mi gbé ojú sókè nínú abọ́ ìrẹsì, ó ń wo ọrùn rẹ̀.

"Fùrẹ̀, kọ́kọ́rọ́ bíréèkì mi mà lẹ gbé kọ́rùn yẹn! Ìgbà wo lẹ di oní-sẹ́mì?" Ó fa òrùka tirẹ̀ yọ, ó mì ín kí gbogbo èèyàn rí i.

Ọmọbìnrin akọrin kan tó wá láti Sakété dìde. Ó ní òun náà ra irú gìtá yìí lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí kọ́kọ́rọ́ yìí lòun ṣe ń bá a lọ òde lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Fùrẹ̀ Sírílù fi ọwọ́ bo àyà. Títí tó fi jáde, n kò mọ̀ bóyá àgbélébùú ló ń bò ni àbí kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀bẹ̀ kankan kò sì ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Wọ́n ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ohun tí mo rí kọ́ kò ju èyí lọ: gìtá tí kò lórí dára fún ẹni tó ń rin ọ̀nà, tèmi ṣì wà lẹ́yìn mi, n kò ní fi pààrọ̀ nǹkan kan. Àmọ́ ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ń tú u, kẹ́ ẹ sì gbà á dání kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ì báà jẹ́ ọmọ ìjọ ló ń tà á. Ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín. Ìtìjú ìbéèrè kò tó ìtìjú eruku orúnkún mi ọjọ́ yẹn.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti fi ohun tí kò tó nǹkan so yín mọ́lẹ̀ rí, tó tún ń pè yín ní Màmá tàbí Bàbá? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kó má jẹ́ èmi nìkan ni yóò máa tutọ́.

Mo ti ra kọ́kọ́rọ́ tèmi lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó wà lórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ní Pobè, mo fi òwú pupa so ó. Ọmọbìnrin Sakété yẹn ti wá lò ó, ó tún mú ẹnì kejì wá. Ẹ̀yin tí okùn tiyín bá já, ẹ gbé gìtá yín wá. Ẹ na ọwọ́, ẹ mú un, ẹ tú u fúnra yín. Orí ìdúró lẹ máa wà, ẹ ò ní kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.