Méjì Nínú Mẹ́wàá fún Ìjọba

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Màmá Mabel Akínlabí jẹ́, ẹ kọ nǹkan sórí ìwé kí ẹ sì fi lé e lọ́wọ́. Kò ní tíì ka ìlà kejì tán tí yóò ti máa tọwọ́ bọ àpò wá báírò pupa. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi ṣe tíṣà ní àwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Yaba àti Súrùlérè. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tíì gbọ́. Ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì tó ń lọ, ó ń máàkì rẹ̀ kí ìsìn tó parí. Ìwé tí àwọn oníná fi dẹ́rù ba gbogbo àdúgbò lọ́jọ́ kan, ó fún un ní mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ó sì dá a padà fún ẹni tó mú un wá. Àwọn ọmọ rẹ̀ kì í tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù mọ́. Wọ́n máa ń pè é ni.

Ọkọ tó fẹ́ gan-an, báírò pupa yìí ló bá a fẹ́ ẹ. Christopher Akínlabí jẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè nígbà náà, Mabel sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe tíṣà. Christopher kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí i, ojú ìwé kan gbáko. Mabel kà á, inú rẹ̀ dùn dé ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ yá ju ọkàn lọ. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti fa ìlà pupa sábẹ́ ibi márùn-ún, ó ti kọ mẹ́fà nínú mẹ́wàá sókè, ó sì ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: “Èrò dára. Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Ṣe àtúnṣe.” Ló bá fi í ránṣẹ́ padà. Ọkùnrin mìíràn ì bá bínú. Christopher jókòó, ó kọ àtúnṣe sẹ́yìn ìwé kan náà, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e wá. Nígbà tí Mabel kà á, ó gbàgbé pé báírò kankan wà láyé. Ẹnu ló fi sọ pé òun gbà.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n fi jọ gbé. Bí ìjà bá dé láàárín wọn, tó fẹ́ le, Christopher yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, “Mabel, o ò tíì máàkì àtúnṣe mi o.” Màmá náà yóò dá a lóhùn pé, “Dúró kó kàn ẹ́.” Ibẹ̀ ni ìjà yóò parí sí.

Nígbà tí àìsàn dé bá Christopher, ó kó ìwé rẹ̀ gbogbo, ó lé ní irínwó, ó fi ta ilé ìkàwé ìjọba tó wà ní ìparí òpópónà wọn lọ́rẹ. Lẹ́yìn tí wọ́n ti kó wọn lọ ló wá ń rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn. Ó ní lẹ́tà yẹn wà nínú ọ̀kan lára wọn o, nínú ìwé aláwọ̀ búlúù ńlá tó sọ nípa ọkọ̀ ojú omi. Ibẹ̀ lòun fi í pamọ́ sí láti ọjọ́ yìí kí eku má bàa jẹ ẹ́. Kí Mabel lọ mú un wá, kó sì wá máàkì rẹ̀, nítorí òun ti dúró pẹ́. Màmá ní òun á lọ lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Àìkú ni Christopher kú.

Nígbà tí wọ́n sin òkú tán, tí Màmá lè jáde nílé, ó gba ilé ìkàwé lọ. Àgádágodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà, àti pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí pé: “Iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́.” Pátákó yẹn wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Òjò lu orúkọ iléeṣẹ́ tó kọ ọ́ títí kò fi ṣeé kà mọ́. Bí òjò bá sì ti ṣú, Màmá kì í ronú kan aṣọ tó sá síta, ìwé búlúù yẹn ló máa ń rò. Lẹ́tà yẹn ló fẹ́ láti rí, kò fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí Ọnọ́rébù Lubabah fi pe àwọn ará àdúgbò sípàdé nínú gbọ̀ngàn iléèwé kan. Òun ló ń ṣojú wọn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, obìnrin tó ka òfin, tí kì í pariwo. Àwọn ènìyàn ti ń béèrè iṣẹ́, wọ́n ń béèrè gọ́tà, ẹnì kan tiẹ̀ béèrè ìyàwó. Ọnọ́rébù ní òun kò kó owó dání. Ohun tí òun lè ṣe ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìjọba ń fi owó ìlú ṣe kọ ìbéèrè rẹ̀ wá. Òun á kọ ọ́ lórúkọ ara òun sí iléeṣẹ́ ìjọba tó bá kàn, wọ́n á sì ní láti fi ìwé dáhùn. Ó ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìdajì gbọ̀ngàn ti dìde, wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó dáadáa ni. Ta ló tún lè jẹ́?

Lọ́jọ́ kejì, Màmá mú ìbéèrè márùn-ún dé ọ́fíìsì Ọnọ́rébù ní Súrùlérè. Ìgbà wo ni wọ́n yọ owó títún ilé ìkàwé yìí ṣe, ta ni wọ́n sì gbé e fún? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ti ṣe níbẹ̀? Ọjọ́ wo ni wọn yóò ṣí i? Ìwé mélòó ló wà nínú rẹ̀, mélòó ni òjò sì ti bà jẹ́? Bí ìjọba bá ti ilé ìkàwé kan pa, kí ni ètò wọn fún àwọn tó ń kàwé níbẹ̀? Ọnọ́rébù kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun kò tíì rí ìbéèrè tó mọ́ tó báyìí, àní láàárín àwọn aṣòfin, ṣùgbọ́n kí ló fa ti òjò? Màmá gbójú sókè, ó ní ohun ìní ìlú ni ìwé. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, ojú tì í láti sọ pé lẹ́tà ìfẹ́ lòun ń wá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kí èsì tó dé. Motọ́lání, akọ̀wé Ọnọ́rébù, pe Màmá kó wá gba ẹ̀dà kan. Màmá gbé e délé, ó wọ awò ojú, ó jókòó sídìí tábìlì. Ìjọba ní iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ìjọba ní ilé ìkàwé yóò ṣí láìpẹ́. Ìjọba ní ìwé púpọ̀ ló wà níbẹ̀, wọ́n sì wà ní ipò tó dára. Ìjọba ní òun fẹ́ràn ìwé kíkà púpọ̀púpọ̀.

Báírò pupa ti jáde. “Láìpẹ́ kì í ṣe ọjọ́,” Màmá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Púpọ̀ kì í ṣe iye. Ta ló ń ṣe iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́? Mo kọjá níbẹ̀ láàárọ̀ yìí. Èmi kò bi ọ́ léèrè ohun tí o fẹ́ràn.” Ó fún wọn ní méjì nínú mẹ́wàá, ó ní méjì náà, torí pé wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ tónítóní ni. Sísàlẹ̀ ló kọ ohun tó ti kọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sí: “Kọ́kọ́ kọ ìbéèrè kí o tó dáhùn. Dáhùn ní odindi gbólóhùn. Ṣe àtúnṣe, kí o sì mú un wá lọ́jọ́ Ajé.”

Ẹ má rò pé orí rẹ̀ dàrú. Ó mọ̀ pé a kì í kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síjọba. Ó mú ìwé mìíràn, ó fi báírò dúdú kọ ìbéèrè tuntun tó níwà ọmọlúàbí, ó sì kó méjèèjì lọ bá Motọ́lání. Ó ní èyí tó mọ́ yìí ni kó fi ránṣẹ́, èyí tó pupa yìí, kó kàn fi rẹ́rìn-ín ni. Motọ́lání rín in dáadáa. Ṣùgbọ́n èrò kún ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà, fóònù ń dún, awakọ̀ ń kánjú. Ó fi lẹ́tà tí Ọnọ́rébù ti fọwọ́ sí síwájú, ó fi ìwé kan sẹ́yìn rẹ̀, ó lẹ àpòòwé pa. Ọjọ́ kẹta ló gbé ife tíì rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, tó rí ìwé tó mọ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ó pe Màmá lórí fóònù. “Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti ṣe mísítéèkì. Èyí tó pupa ló lọ.”

Màmá gbé fóònù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọ bàtà, ó wọkọ̀ lọ sí Súrùlérè láti lọ tọrọ àforíjì. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, ti ìwé sì wá burú jù, nítorí wọ́n lè fi í sínú fáìlì. Pé ìjọba á bínú kọ́ ló ń rò lójú ọ̀nà. Ó ń rò ó pé wọn kò ní ṣí ilẹ̀kùn yẹn mọ́, àti pé ọwọ́ ara òun lòun fi ti lẹ́tà Christopher mọ́lé.

Ọnọ́rébù Lubabah ti ka ìwé pupa náà nínú fọ́tò tí Motọ́lání ti yà sí fóònù nígbà tó ń fi í rẹ́rìn-ín. Ó ti rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó fún Màmá ní àga, ó sì bi í léèrè nǹkan kan ṣoṣo. “Mummy, nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀, èwo ni kì í ṣe òótọ́?”

Màmá rò ó. Ó ní kò sí. Ọnọ́rébù ní ó dáa, kí wọ́n jọ dúró de ọjọ́ Ajé nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé pé. Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tí ọkùnrin kan tó ti hewú fi wọ ọ́fíìsì Ọnọ́rébù, tó di fáìlì mọ́ àyà. Ó ní Ọláwálé ni orúkọ òun, òun ni ọ̀gá ẹ̀ka tó kọ èsì yẹn, ó sì béèrè bóyá tíṣà wà nítòsí. Motọ́lání sáré pe Màmá. Nígbà tó dé, Ọláwálé dìde dúró ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní kíláàsì. Ó jẹ́wọ́ pé nígbà tí ìwé pupa yẹn balẹ̀ sórí tábìlì òun, òun kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ òun ti fi í pamọ́ sábẹ́ fáìlì kí òun tó rántí pé òun lọ́mọ mẹ́ta ní yunifásítì. Ìtìjú ló gbé òun dìde. Òun fúnra òun lọ wo ilé ìkàwé náà, ohun tí òun sì rí yà òun lẹ́nu. Wọ́n ti kan òrùlé rẹ̀, wọ́n ti kùn ún, láti ọdún tó kọjá. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹnì kan, wọ́n ń dúró de ẹni ńlá tí yóò wá gé ríbọ́ọ̀nù, wọn kò sì tíì mú ẹni ńlá náà. Nígbà tí kò sì sẹ́ni tó béèrè, olúkúlùkù ń kọ ọ́ pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́.

Ó wá ṣí fáìlì. Ó ti kọ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ó fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì dáhùn ní odindi gbólóhùn. Ó kọ ọjọ́ tí owó jáde àti orúkọ ẹni tó gbà á. “Ọjọ́ tí ilé ìkàwé náà yóò ṣí ni Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ní aago mẹ́wàá àárọ̀.” Inú Màmá dùn débi pé ó fẹ́ dìde jó. Lẹ́yìn náà ló ka ìkẹrin: “Ìwé tó wà nínú ilé ìkàwé náà jẹ́ ẹgbẹ̀rún kan àti mẹ́tàdínlógún. Òjò ba mọ́kànlá jẹ́ kí òrùlé tó parí.” Ọláwálé kò kọ orúkọ àwọn mọ́kànlá náà. Màmá kò lè gbẹ́nu béèrè.

Ní Ọjọ́bọ̀, kò sí ríbọ́ọ̀nù, kò sí ẹni ńlá. Ọnọ́rébù wá, Motọ́lání wá, àwọn ọmọléèwé ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Ọláwálé fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Àwọn ọmọ sáré sídìí ìwé, ṣùgbọ́n tábìlì tí wọ́n sá ìwé mọ́kànlá tí òjò bà jẹ́ náà sí lẹ́bàá fèrèsé ni Màmá kọ́kọ́ lọ. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Pupa, àwọ̀ ewé, dúdú, dúdú, àwọ̀ ewé. Kò sí búlúù níbẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó wá ń tọ ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ títí ó fi rí i, ńlá, gbígbẹ, níbi tí ìwé ọkọ rẹ̀ pọ̀ sí. Ó ṣí i, lẹ́tà náà sì wà láàárín rẹ̀. Mẹ́fà nínú mẹ́wàá wà lókè. Ó yí i padà. Àtúnṣe Christopher wà lẹ́yìn, láìsí àmì báírò pupa kankan níbẹ̀.

Ọláwálé ti rọra tẹ̀ lé e, fáìlì ṣì wà lápá rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí àwọn ọmọ má bàa gbọ́. “Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò tíì máàkì àtúnṣe mi.”

Màmá yíjú sí i. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò ti bá a sọ gbólóhùn yẹn. Ẹ̀rín bú sí i lẹ́nu, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì gbìyànjú láti dá ọ̀kankan dúró.

“Ẹ dúró kó kàn yín,” ló wí. “Ẹnì kan ti wà níwájú yín.”

Ó jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn jù. Ó yọ báírò pupa, ó ka lẹ́tà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò fa ìlà sábẹ́ nǹkan kan. Ó kọ mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ó kọ déètì ọjọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: “Mo gbà.”

Lẹ́yìn náà ló nu ojú rẹ̀, ó nawọ́ sí fáìlì Ọláwálé, ó ní ó ti kàn án báyìí. Mẹ́sàn-án ló fún un. Ó yọ máàkì kan, torí fáànù kan lókè orí wọn kò tíì yí.