Ewú Tí Mo Rà Lọ́jà

Òórùn rọ́bà tó jóná ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú tí mo bá rántí ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun mi ní Rye Lane, ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, kí ti òróró kílípà àti ti ẹja tútù ẹnu ọ̀nà tó tẹ̀ lé e. Kọfí ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Jẹ́ kí n tètè sọ ìwà òmùgọ̀ mi fún ọ, kí o má baà wá ibi tí wàá ti bú mi: obìnrin kan ní kí n fún òun ní ewú àwọn àgbàlagbà, mo lọ ra àtáṣímẹ́ǹtì funfun, mo gé e wẹ́wẹ́, mo ní òun nìyẹn.

Ará Jàmáíkà ni obìnrin náà, ayàwòrán ni. Àmọ́ àwòrán tirẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀dà nìkan. Aṣọ àlòkù, tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì, àpótí ìrìnàjò tó ti fọ́, ohun tí èmi àti ìwọ ì bá gbá dànù ló ń lẹ̀ pọ̀ tó ń di ojú ènìyàn. Àwòrán ìyá rẹ̀ tó ti kú ló ń ṣe lọ́wọ́. Ọmọdé ni ìyá yìí nígbà tí wọ́n mú un wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó tọ́jú aláìsàn ní ọsibítù títí irun rẹ̀ fi funfun, kí ìjọba tó sọ lọ́jọ́ kan pé kò níwèé, kó máa lọ sílé. Ilé wo? Kí wọ́n tó ní àwọn ṣàṣìṣe, ìyá ti sùn. Yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ lọmọ fi ṣe ara àwòrán náà. Orí ló kù. Ewú àwọn dúdú tó gbó sí Peckham ló fẹ́ lẹ̀ síbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n máa pàtẹ rẹ̀ sì ti dé tán.

Irun ènìyàn kẹ̀? Ìwọ náà mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ wa. Ìyá àgbà mi á ṣa irun tó bọ́ sára ìyarun, wọ́n á sun ún, torí ẹni tó mú irun rẹ ti mú ọ. Èmi tí mo gbé ní ilé ìjọba North Peckham kí wọ́n tó wó o, tí mo ń gba àárín àwọn ọmọ ìta kọjá bí ẹni ń lọ kírun, irun ló wá ń dẹ́rù bà mí. Mi ò sì lè wo fọ́tò ìyá rẹ̀ tó mú wá kí n kọ̀ fún un. Nígbà tó gba àtáṣímẹ́ǹtì náà, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, gbogbo súrà tí mo mọ̀ sórí ni mò ń kà sínú, wọn ò sì pọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé tí ṣọ́ọ̀bù kún, obìnrin náà já wọlé. Gúlúù gbígbóná ti yọ́ àtáṣímẹ́ǹtì mi. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú mi, ó le koránkorán, ó ń rùn.

"Uncle, bàbá àgbà ta ni wọ́n fi rọ́bà ṣe?"

Ilé dà rú fún ẹ̀rín. Bàbá ará Jàmáíkà kan, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ń bẹ lórí àga mi, mo ti gẹ ìdajì orí rẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe tèmi o! Tèmi kì í yọ́."

Ojú tì mí. Mo jẹ́wọ́ pé nílé tiwa, a kì í fún ènìyàn nírun.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu obìnrin náà. "Ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ ní ìyá àgbà? Inú iná ni tèmi náà ń da irun rẹ̀ sí. Tó bá jẹ́ ibi ni mo fẹ́ fi ṣe, inú bíìnì ìdọ̀tí yín ni ǹ bá ti kó o. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín."

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní, "Gẹ ìyókù, kó o kó o fún un." Àwọn àgbàlagbà tó ń dúró náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣí fìlà. Nígbà tó kan èmi, mo jókòó sórí àga ara mi, mo ní kí ẹnìkejì mi tí a jọ ń gẹrun gẹ orí mi. Mo di ojú bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́.

Nígbà tí wọ́n pàtẹ rẹ̀, mo lọ wo àwòrán náà. Ìyá yẹn ga kan àjà. Ewú orí rẹ̀ kún, òmíràn bí eérú, òmíràn bí òwú, ẹnikẹ́ni ò sì lè gba iwájú rẹ̀ kọjá láìwò ó, ẹni tí wọ́n ń wò bí ẹni tí kò sí nígbà ayé rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rù mi ò tíì tán, kí n má purọ́. Mo sún mọ́ ọn, mò ń wá tèmi, bóyá mo ṣì lè dá a mọ̀. N ò rí i. Mo bi obìnrin náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé èwo ni tèmi níbẹ̀.

"Èmi gan-an ò mọ̀ mọ́, Uncle," ó dáhùn. "Ẹni tó bá fẹ́ lé màmá mi báyìí, àfi kó lé gbogbo wa."